Jíìpù kan, ẹ̀sùn mẹ́rin: àtúnṣe láti orí bátìrì dé bẹ́árìn ẹ̀yìn

Ọkọ̀: Toyota Highlander ọdún 2010, ẹ́ńjìnnì V6 onílítà 3.5 (2GR-FE), táyà iwájú ló ń wọ́ ọ. Kìlómítà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù: 214,300.

Ẹ̀sùn tó bá a wọlé mẹ́rin ni. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bó bá sì ti ń sáré, ooru á wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lórí sílò (ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ láìtẹ ẹsẹ̀ fún un), iná check engine sì ń ṣẹ́jú. Sitiárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ bó bá tẹ bíréèkì láti orí eré 90 (kìlómítà ní wákàtí). Ohùn kan sì ń kùn lẹ́yìn, bí eré ṣe ń pọ̀ ni òun náà ń pọ̀.

Irinṣẹ́ tí a lò: mọ́tímítà, sikánà tó lè fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì hàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́, pọ́ọ̀ǹpù tí a fi ń dán ìfúnpá rẹdiétọ̀ wò, tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì méjì (kékeré tó ń ka Nm, òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù, láti 5 sí 25, ńlá tó ń ka 40 sí 200), gééjì olójú aago tí a fi ń wọn dísìkì, jáàkì àti ìdúró irin mẹ́rin, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì plọ́ọ̀gì mìlímítà 16.

Wákàtí 23 ni gbogbo iṣẹ́ náà gbà. Wákàtí 7 nínú rẹ̀ bá àṣìṣe lọ, a ó sì sọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀.

1. Bátìrì àti wáyà ilẹ̀

Kò sí ẹ̀sùn kankan tó dárúkọ bátìrì, síbẹ̀ ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Bíréènì bọ́ọ̀kìsì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) tí iná rẹ̀ kò tó á máa kọ kóòdù àìsàn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn ọkọ̀ rárá, èèyàn á sì máa ra ẹ̀yà tí kò bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú: fóòtì 12.41. Bátìrì tó kún máa ń wà ní 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 12.2 sì ti jẹ́ ìdajì. Nígbà tí a ń sítáàtì rẹ̀, ó já sí 9.9. A kì í fẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 9.6, nítorí náà ó kọjá, àmọ́ ìwọ̀nba ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: 14.1, alitanétọ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé rèé. Fi ẹnu dúdú mọ́tímítà sí orí bátìrì tó jẹ́ ti ilẹ̀ (nẹ́gátíìfù), fi ẹnu pupa sí irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹnì kan sì sítáàtì ọkọ̀. Ohun tí mítà bá kà ni iye fóòtì tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Tiwa jẹ́ 0.46. A tú bóòtù wáyà ilẹ̀ tó wà lára bọ́dì: ìpẹtà àwọ̀ ewé ti bo ojú irin. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí ó fi ń dán, a so ó padà, a fi gíríìsì díẹ̀ bo òde rẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ó di 0.08, fóòtì ìgbà sítáàtì sì gòkè sí 10.4. Bátìrì kan náà ni o.

Iná tó ń jí jẹ nígbà tí ọkọ̀ sùn: mílíáńpù 38, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 tí a ti ti gbogbo ilẹ̀kùn. Tí kò bá ti kọjá 50, kò sí wàhálà. Má ṣe sítáàtì ọkọ̀ nígbà tí mítà wà láàárín bátìrì àti wáyà rẹ̀, fíúùsì inú mítà á jó lójú ẹsẹ̀.

2. Kíka kóòdù kí a tó pa á rẹ́

P0300 àti P0303 ló wà níbẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀ wà: sílíńdà kẹta kò jó bó ṣe yẹ. Kí a tó pa ohunkóhun rẹ́, a kọ àwọn nọ́ńbà tí bíréènì fi pamọ́ ní ìṣẹ́jú tí àìsàn náà ṣẹlẹ̀: ìyípo 690 ní ìṣẹ́jú, ooru omi 104°C, ọkọ̀ dúró lójú kan. Pa kóòdù rẹ́, àwọn nọ́ńbà yìí á bá a lọ, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè padà wá.

Iná tó bá ń ṣẹ́jú yàtọ̀ sí èyí tó tàn gbọọrọ. Tó bá ń ṣẹ́jú, pẹtiróòlù tí kò jó ń kọjá sínú sàlẹ́ńsà, ó sì ń jó nínú kátálísì, ẹ̀yà tó ń sọ èéfín di mímọ́. Kátálísì á gbóná títí inú rẹ̀ á fi yọ́. Wá ibi tó dáa kí o dúró sí, má ṣe fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn.

Nítorí pé ooru 104 wà nínú àkọsílẹ̀ náà, a pinnu pé ooru ni a ó kọ́kọ́ yanjú.

3. Ooru

Àṣìṣe àkọ́kọ́, wákàtí 2: a pààrọ̀ tẹmositáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) láìdán an wò. Ohun tó ń sún èèyàn ṣe é ni pé ẹ̀yà kékeré ni, ó sì rọrùn láti rà. Lẹ́yìn tí a yọ èyí tó ti wà níbẹ̀, a fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, pẹ̀lú tẹmómítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí méjèèjì má fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní 82°C. Ní 95°C ó ti ṣí tó mìlímítà 11. Ohun tí ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ ni kó bẹ̀rẹ̀ láàárín 80 sí 84, kó sì ṣí tó 10 ó kéré tán ní 95. Kò ní àìsàn kankan. Ìkòkò omi yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Bí o bá ń dá tẹmositáàtì padà, bíntín irin tó ń mì nínú ihò kékeré rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nígbà tí a bá ń bu omi.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú: pọ́ọ̀ǹpù ìfúnpá. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Lábẹ́ ìdérí tí wọ́n kọ 108 kPa sí, omi lásán kì í hó títí yóò fi dé nǹkan bíi 121°C. Bí o bá ṣí i nígbà tó gbóná, ìfúnpá á sá lọ, omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú àti ọwọ́ rẹ ni yóò sì tú sí. A fún un ní 108, a dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ó ti wá sí 71, ilẹ̀ sì gbẹ. A tún fún un, a fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, a wo ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀, a ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú sókè bóyá rẹdiétọ̀ kékeré inú ọkọ̀ ló ń jò. Kò sí níbẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú 25, ẹ̀kán omi kan yọ láti ihò kékeré tó wà lábẹ́ wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù. Iyọ̀ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti gbẹ yí etí ihò náà ká, bí ipẹ́pẹ́. Ihò yẹn, wọ́n dìídì ṣe é ni: bí síìlì inú pọ́ọ̀ǹpù bá ti jẹ, omi á gba ibẹ̀ jáde kó má bàa wọ bẹ́árìn. Ọkọ̀ yìí máa ń jò bó bá tutù, á sì dáwọ́ dúró bó bá gbóná, nítorí pé irin a máa fẹ̀ bó bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wá a kò fi rí omi nílẹ̀ rí.

Kí a tó ra pọ́ọ̀ǹpù, a dán tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) wò pẹ̀lú omi aláwọ̀ búlúù tó ń di yẹ́lò bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá wọnú rẹdiétọ̀. Ìṣẹ́jú 10, búlúù ló ṣì jẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan lórí V6 tó sùn ní ìbú.

Pípààrọ̀ wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù gba wákàtí 5. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀:

Dẹ bóòtù púlì pọ́ọ̀ǹpù nígbà tí fáànù bẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì ló ń bá ọ di púlì mú. Tí o bá ti yọ bẹ́ẹ̀tì kúrò, púlì á máa yí tẹ̀lé sípánà.

Fi jáàkì àti pákó fífẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀ kí o tó tú ohun tó dì í mú ní apá ọ̀tún. Pákó gbọ́dọ̀ fẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwo ọ́ìlì á tẹ̀.

Bóòtù pọ́ọ̀ǹpù kò gùn bákan náà. Ya àwòrán pọ́ọ̀ǹpù sórí páálí, da ihò lu sí ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ti jáde, kí o sì ki í bọ̀ ọ́. Bóòtù gígùn nínú ihò kúkúrú á ti àlúmínì fọ́, kúkúrú nínú ihò gígùn á ré ojú okùn rẹ̀.

Fi ohun oníke ha gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbẹ mọ́ ojú irin. Súkúrúdíráífà á fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ lára àlúmínì, omi á sì tọ ojú ọgbẹ́ yẹn jáde. Àwọn bóòtù kékeré olórí mìlímítà 10, Nm 10 ló tó wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fún wọn títí wọn á fi já, torí pé ọwọ́ kì í mọ̀ bí Nm 10 ṣe kéré tó.

Lítà 6.2 omi jáde, 6.6 ló padà wọlé: kúláǹtì ìdajì, omi tí kò ní iyọ̀ ìdajì. Ìdá 0.4 tó lé yẹn ni ohun tó ti jò lọ. A tan hítà inú ọkọ̀ sí ibi tó gbóná jù, a fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí sílò láìdé ìdérí, a ń fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè, a ń tú u sílẹ̀, títí èéhù afẹ́fẹ́ fi dáwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a jẹ́ kó tutù tí a tún fi kún un. Bí atẹ́gùn hítà bá ń gbóná tó tún ń tutù, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìfúnpá 108 dúró lórí 108 fún ìṣẹ́jú 30. Inú wa dùn, a tan sikánà: bí ọkọ̀ bá ń rìn, 89°C. Bó bá dúró pẹ̀lú éẹ̀sì, 103. Ó ṣì ga jù.

Ọwọ́ gééjì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò sọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Wọ́n ṣe é kó dúró sí àárín lórí ooru púpọ̀, kó má bàa dẹ́rù ba awakọ̀. Nígbà tó bá máa kúrò ní àárín, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Sikánà ni kí o gbà gbọ́.

Ọkọ̀ tó ń gbóná lójú eré, omi ni kò yí dáadáa nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbóná bó bá dúró, atẹ́gùn ni kò kọjá dáadáa. Fáànù méjèèjì ń yí bí a bá tan éẹ̀sì. A yọ ohun tó bo òkè rẹdiétọ̀, a fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín rẹdiétọ̀ àti kọndẹ́ńsà éẹ̀sì tó wà níwájú rẹ̀. Ewé gbígbẹ, ìyẹ́ kòkòrò àti eruku ti di bùláńkẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀, ó nípọn tó ìka kan ní ìsàlẹ̀. Láti iwájú kò sẹ́ni tó lè rí i. A tú bóòtù òkè rẹdiétọ̀, a fà á sẹ́yìn díẹ̀, a fi omi rọra fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn síwájú, kí ìdọ̀tí lè gba ọ̀nà tó gbà wọlé jáde. Má ṣe fi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára sún mọ́ ọn, ìyẹ́ irin rẹdiétọ̀ á tẹ̀ sùn. Lẹ́yìn èyí: 96°C ní ìdúró, pẹ̀lú éẹ̀sì, fún ìṣẹ́jú 40.

Nǹkan méjì ló fa ẹ̀sùn kan yìí: omi tó dín àti atẹ́gùn tó dí. Ká ní a tún ọ̀kan ṣe tí a dákẹ́ láìwọn ooru, ọkọ̀ náà á padà wá.

4. Gbígbọ̀n: sílíńdà kẹta

Àṣìṣe kejì, wákàtí 1. A ka plọ́ọ̀gì mẹ́ta tó wà níwájú, a mú ìkẹta, a pààrọ̀ rẹ̀. Kò yí nǹkan padà, nítorí sílíńdà kẹfà nìyẹn. Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, sílíńdà 2, 4 àti 6 ló wà níwájú níbi tí ojú ń rí. 1, 3 àti 5 wà lẹ́yìn, lábẹ́ mánífóòdù afẹ́fẹ́ (ẹ̀yà tó ń pín afẹ́fẹ́ sí sílíńdà), ní ìhà dáṣíbọ́ọ̀dù. Sílíńdà kẹta jẹ́ èyí tó wà láàárín ìlà ẹ̀yìn, kò sì sí ọ̀nà láti fọwọ́ kàn án láìgbé mánífóòdù òkè kúrò.

A gbé e kúrò. A di gbogbo ẹnu afẹ́fẹ́ tó ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú àkísà funfun mẹ́ta, a sì kọ nọ́ńbà 3 sára ògiri kí a lè kà wọ́n nígbà tí a bá ń yọ wọ́n. Nọ́ọ̀tì kan tó bá já sínú ẹnu yẹn á sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Kọ́ìlì kẹta (kọ́ìlì ló ń fún plọ́ọ̀gì ní iná) wá sókè pẹ̀lú ọ́ìlì. Rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó rọ̀ bí èso tó ti pọ́n jù, ìlà dúdú tín-ín-rín kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí iná ti ń sá kọjá sára irin dípò kó dé plọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì inú kòtò plọ́ọ̀gì ga tó mìlímítà 20. Ti ìkarùn-ún náà ní díẹ̀.

Fa ọ́ìlì yẹn jáde kí o tó tú plọ́ọ̀gì. Síríńjì àti họ́ọ̀sì tín-ín-rín ni a lò, a sì fi aṣọ nu ìyókù. Bí o bá tú plọ́ọ̀gì tán kí o tó rántí, inú sílíńdà ni gbogbo rẹ̀ máa dà sí.

Ibi tí ọ́ìlì ti wá ni síìlì róbótó tó yí kòtò plọ́ọ̀gì ká lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Ooru ti jẹ́ kó le bí ike. Ṣùgbọ́n ooru nìkan kọ́. A yọ fááfù PCV, a mì í: kò dún. Èyí tó dáa máa ń dún kọ́ kọ́ kọ́. Tó bá dí, èéfín inú ẹ́ńjìnnì kò ní ibi tí yóò gbà jáde, á máa ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì èyíkéyìí tó bá rọ̀ jù. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìlì tó fi fááfù yẹn sílẹ̀ yóò tún padà ṣí i.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tuntun wọlé pẹ̀lú síìlì kòtò mẹ́ta. A fi gọ́ọ̀mù dúdú tí ọ́ìlì kì í jẹ tó sí ojú ibi tí ìdérí ṣéènì ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀kán kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ pọ̀. Ibi tí irin méjì ti pàdé yẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè dí i. Plọ́ọ̀gì irídíọ̀mù mẹ́fà tuntun, àlàfo ẹnu wọn mìlímítà 1.1 láti ilé iṣẹ́. Má fi ohunkóhun ti ẹnu irídíọ̀mù, ó tín-ín-rín, á ṣẹ́. Nm 18 ni a fún wọn, lórí ẹ́ńjìnnì tútù, láìfi ọ́ìlì sójú okùn.

Kí a sọ̀rọ̀ nípa kọ́ìlì díẹ̀. Irú kọ́ìlì yìí ní wáyà mẹ́rin, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á wà nínú rẹ̀, nítorí náà wíwọn ọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sọ bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Pípààrọ̀ ibi ni ìdánwò tòótọ́. Dípò kí a dá kọ́ìlì kẹta padà sábẹ́ mánífóòdù, a nu ún, a gbé e sí sílíńdà kẹrin níwájú, a sì gbé kọ́ìlì kẹrin tó mọ́ lọ sí ẹ̀yìn. Bó bá ti bàjẹ́, P0304 ló máa yọ, ìṣẹ́jú 5 la ó sì fi pààrọ̀ rẹ̀ láìgbé nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi kọ́ìlì tí ẹ ń fura sí sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ kò ti lè dé e.

Àkísà mẹ́ta jáde. A ti mánífóòdù padà.

5. Lẹ́yìn tí a ti mánífóòdù padà: sílò 1,150

Àṣìṣe kẹta, èyí tó jẹ àkókò jù: wákàtí 2 àti ààbọ̀. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n sílò rẹ̀ ń fì láàárín 950 àti 1,150, kóòdù P0171 àti P0174 sì yọ: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju pẹtiróòlù lọ ní ìhà méjèèjì. A fọ ẹnu tọrọ́tù bọ́dì (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), a fọ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Kò gbọ́.

Nọ́ńbà tó tọ́ wa sọ́nà ni ti àtúnṣe pẹtiróòlù tí bíréènì ń ṣe fúnra rẹ̀. Lórí sílò, ó ń fi 22% kún pẹtiróòlù. Nígbà tí a gbé ìyípo dé 2,500, ó wá sí 5%. Bí iye náà bá ga lórí sílò tó sì rọlẹ̀ lókè, afẹ́fẹ́ ń jí wọlé lẹ́yìn tọrọ́tù: ihò kan náà ló jẹ́ nǹkan ńlá fún ẹ́ńjìnnì tó ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, tó sì jẹ́ bíńtín fún èyí tó ń fa púpọ̀. Ká ní ó rọlẹ̀ lórí sílò tó wá ga lókè ni, pọ́ọ̀ǹpù pẹtiróòlù tàbí fílítà la bá máa wò.

Nítorí pé ìhà méjèèjì ló ń ṣe é, ihò náà gbọ́dọ̀ wà níbi tó kan àwọn méjèèjì. A gbé mánífóòdù òkè kúrò lẹ́ẹ̀kejì. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà ti yọ kúrò nínú ojú ọ̀nà rẹ̀ ní igun kan nígbà tí a ń gbé e wọlé, mánífóòdù sì ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. A fi tuntun sí i, a fi gíríìsì sílíkóònù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ kó má ṣubú, a fún bóòtù láti àárín lọ sí etí. Sílò: 680. Àtúnṣe pẹtiróòlù: 2%.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 ìwakọ̀, P0304. Kọ́ìlì náà ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Kọ́ìlì tuntun kan, bóòtù kan, ìṣẹ́jú 5.

Bí o bá wà níbẹ̀, wo páìpù ọ́ìlì VVT-i (ètò tó ń yí àkókò ṣíṣí fááfù padà) lára ẹ́ńjìnnì. Àwọn 2GR-FE ti ìṣáájú ní rọ́bà láàárín rẹ̀, èyí tó lè bẹ́ kó sì da ọ́ìlì sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó dé lẹ́yìn jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Tó bá ṣì jẹ́ rọ́bà, pààrọ̀ rẹ̀ sí onírin.

6. Sitiárìn tó ń gbọ̀n bí a bá tẹ bíréèkì

Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé dísìkì ti tẹ̀. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀. Wákàtí 1 la fi pààrọ̀ páàdì, a sì fi ìwé iyanrìn ha ojú dísìkì. Ó ṣì ń gbọ̀n.

Gééjì la wá gbé síbẹ̀. Fi nọ́ọ̀tì táyà márààrún di dísìkì mọ́ họ́ọ̀bù dáadáa, gbé ẹnu gééjì sí mìlímítà 10 sí etí dísìkì, fi ọwọ́ yí i ní ẹ̀ẹ̀kan. Apá òsì: mìlímítà 0.12. Òpin tó ṣeé gbà jẹ́ 0.05. Apá ọ̀tún: 0.04. Ìnípọn dísìkì méjèèjì ṣì ju nọ́ńbà MIN tí wọ́n kọ sí ara wọn lọ.

A yọ dísìkì òsì kúrò. Ìpẹtà ti yọ gègé lójú họ́ọ̀bù, ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì kan. Ohun tó nípọn bí irun orí níbẹ̀ á di ohun ńlá ní etí dísìkì. A fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́ mọ́, a wọn: 0.07. A yí dísìkì sí ihò méjì síwájú lórí họ́ọ̀bù, a tún wọn: 0.04. Dísìkì kan náà ni a fi sílẹ̀.

Píìnì kálípà ìsàlẹ̀ ní apá kan náà ti gan, kò yọ̀ mọ́, páàdì inú sì ti jẹ ju ti òde lọ. Gíríìsì sílíkóònù nìkan ni kí o fi sí i. Gíríìsì lásán á jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ wú.

Nọ́ọ̀tì táyà: Nm 103, ní ìlànà ìràwọ̀, ní ìpele méjì. Ìbọn afẹ́fẹ́ tó ń fún ọ̀kan ní 90 tó ń fún èkejì ní 200 á tún fa dísìkì yẹn wọ́.

7. Ohùn tó ń kùn lẹ́yìn

Ó bẹ̀rẹ̀ ní eré 50. Bí a bá yà sí ọ̀tún lójú ọ̀nà gbọọrọ, á pọ̀ sí i, bí a bá yà sí òsì, á rọlẹ̀. Yíyà sí ọ̀tún máa ń gbé ẹrù ọkọ̀ sórí táyà òsì, nítorí náà òsì ni a fura sí. A kọ́kọ́ gbé táyà ẹ̀yìn síwájú, nítorí táyà tó jẹ wágunwàgun máa ń kùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohùn náà kò kúrò lẹ́yìn. A gbé ọkọ̀ sókè, a gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì, a yí táyà: bí ọlọ ló rí lọ́wọ́. Ti ọ̀tún kò rí bẹ́ẹ̀.

Bẹ́árìn náà wà nínú họ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó ní bóòtù mẹ́rin. A fi ọ́ìlì tó ń jẹ ìpẹtà wọ́n ọn mọ́jú. Àṣìṣe tó kẹ́yìn, ìdajì wákàtí: a fi hámà lu họ́ọ̀bù láti ẹ̀gbẹ́, a ṣèèṣì gbá páánù tó bo ẹ̀yìn dísìkì, ó tẹ̀, ó sì ń ha dísìkì lẹ́yìn tí a tì í padà. A tún tú táyà kí a tó tẹ̀ ẹ́ padà. Ohun tó tọ́ ni kí a dẹ bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdajì, kí a máa gbá orí wọn láti ẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, họ́ọ̀bù á sì jáde fúnra rẹ̀. Wáyà sẹ́ńsọ̀ ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà gan bí a bá tẹ bíréèkì) ni kí o kọ́kọ́ yọ.

8. Lẹ́yìn kìlómítà 500

A dá ọkọ̀ padà wá fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀tì táyà: gbogbo wọn ṣì wà lórí 103. Kòtò plọ́ọ̀gì kẹrin àti ìkẹfà gbẹ. Ti ẹ̀yìn, a kò gbé mánífóòdù, àmọ́ iye ìgbà tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan kò jó lójú sikánà jẹ́ òdo fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Omi inú ike kékeré ti wálẹ̀ ní mìlímítà 4, afẹ́fẹ́ tó kù ló jáde. A fi kún un dé ojú ìlà. Ní kìlómítà 1,200, kò tíì kúrò níbẹ̀.